Ọtí Wo Ni Ti Democrat, Èwo Ni Ti Republican? Ìbéèrè Yín àti Èsì Ìyá Ọlọ́tí

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu bà á lórí abala yìí pé ọtí ni mo tà jẹ ní Maryland, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Washington, kí n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè nípa ọtí kò dáwọ́ dúró mọ́. Lóṣù yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló da ọtí pọ̀ mọ́ òṣèlú Amẹ́ríkà, ti Democrat àti Republican, ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì tó wà níbẹ̀. Mo mú mẹ́fà níbẹ̀. Mo gé ìkíni gígùn kúrò kí àyè lè gbà wá. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì kí yín padà.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń gbé ní Ohio fi àwòrán kan hàn mí nígbà tó wálé. Wọ́n to orúkọ ọtí sójú ìwé: Absolut àti Grey Goose, tí wọ́n jẹ́ vodka, wà lápá àwọn Democrat, Jim Beam, Canadian Club àti Crown Royal, tí wọ́n jẹ́ wisikí, wà lápá àwọn Republican. Ó ní bí wọ́n bá ti mọ ohun tí ènìyàn ń mu, wọ́n ti mọ ẹni tó máa dìbò fún. Ṣé ọmọ yìí kò máa tàn mí? (Bàbá kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)

ÈSÌ: Ọmọ yín ò tàn yín, bàbá. Àwòrán náà wà lóòótọ́. Àwọn kan tó ń gba àwọn Republican nímọ̀ràn lórí ìpolówó ìbò, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Alexandria ní ìpínlẹ̀ Virginia, ló ṣe é, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e káàkiri ní nǹkan bí ọdún 2014. Ti bíà ti kọ́kọ́ jáde ní 2012: àwọn tó ń mu Coors Light bọ́ sápá Republican, àwọn tó ń mu Heineken bọ́ sápá Democrat. Ìwádìí ọjà ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn oníwàádìí á bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn léèrè ọṣẹ tí wọ́n ń lò, ọkọ̀ tí wọ́n ń wà, ọtí tí wọ́n ń mu, ẹgbẹ́ tó wù wọ́n àti bóyá wọ́n máa ń jáde lọ dìbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wo èyí tó ń bá èyí rìn.

Ṣùgbọ́n mo dúró sẹ́yìn káńtà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ ohun tí àwòrán yẹn kò sọ. Ìgò kì í sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ ẹgbẹ́. Ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, àwọ̀ ara rẹ̀, owó tó ń wọlé fún un, àwọn wọ̀nyí ló ń bá a yan ìgò, àwọn náà ló tún ń bá a yan ẹgbẹ́.

Ẹ wo cognac, ọtí líle láti ilẹ̀ Faransé tí Hennessy jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ní àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Prince George's, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù, Hennessy ni wọ́n sì máa ń béèrè. Ẹ̀yìn mi gan-an ni mo máa ń tò ó sí, nínú àpótí onígíláàsì tó ní kọ́kọ́rọ́, nítorí ó wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á ra ìgò pẹlẹbẹ tó ṣeé kì bọ àpò. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí owó wọlé, ìgò ńlá ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Democrat ni wọ́n ń dìbò fún. Ṣé Hennessy ló ní kí wọ́n lọ dì í? Rárá o. Ní nǹkan bí ọdún 1951, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọtí kò ka aláwọ̀ dúdú sí oníbàárà tí wọ́n ń polówó fún, Hennessy gbé ìpolówó sínú Ebony, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú. Nígbà tó di 1963, àwọn tó ń kó ọtí náà wọ Amẹ́ríkà gba Herb Douglas síṣẹ́, aláwọ̀ dúdú tó gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ nínú eré fífò jìnnà ní Òlíḿpíìkì London ọdún 1948. Bí cognac ṣe ríbi jókòó nílé wọn nìyẹn. Ọ̀nà míràn ni ìbò Democrat gbà wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà Ààrẹ Roosevelt, Democrat, lákòókò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ó sì fìdí múlẹ̀ ní 1964, nígbà tí Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú tí Barry Goldwater, olùdíje Republican lọ́dún náà, dìbò ta kò nílé aṣòfin àgbà. Ẹni tó ń ya àwòrán wá dé lẹ́yìn gbogbo èyí, ó bá ìgò àti ìbò nínú ilé kan náà, ó sì fi wọ́n ṣe ìyá àti ọmọ.

Wisikí àwọn ará Kentucky àti Tennessee tún jẹ́ kó yé mi sí i. Títí di nǹkan bí ọdún 1960, Democrat ló ni ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ṣòro kí Republican tó rí ipò gómìnà mú níbẹ̀. Lónìí, Republican ló gbilẹ̀ jù níbẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wọn wò: wisikí tí bàbá bàbá wọn ń mu náà ni. Ẹgbẹ́ yí, ìgò kò yí.

Àwòrán náà tún sọ pé àwọn tó ń mu wáìnì ló ń jáde dìbò jù. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Àwọn tó ń ra wáìnì lọ́wọ́ mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti sanwó ilé rẹ̀ tán, wọ́n á ra ìgò Kendall-Jackson kan, wọ́n á fi bébà wé e, wọ́n á béèrè ọmọ mi. Ẹni tó ti dàgbà, tó kàwé, tí kì í kó kiri láti ilé dé ilé, òun ni orúkọ rẹ̀ máa ń wà nínú ìwé ìdìbò. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ra Jägermeister, ọtí líle láti Jámánì, lọ́dọ̀ mi, bóyá ni wọ́n gbé àdírẹ́sì kan tó ọdún kan.

Nǹkan kan wà tó ń bí mi nínú nípa àwòrán yìí. Wọn kò ṣe é fún eré. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú àwọn ènìyàn kan kì í dìbò, kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn wọn mọ́. Lásìkò ìbò, mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń pín ìwé olùdíje. Òpópónà àwọn onílé ni wọ́n ń gbà, wọ́n á fo àwọn ilé àyágbé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Oníbàárà mi ló ń gbé ibẹ̀, àwọn tó ń nu ọ́fíìsì Washington lóru. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ láti sọ, mo sì ń gbọ́ ọ níwájú káńtà lójoojúmọ́: owó ilé, owó ilé ìwòsàn, bọ́ọ̀sì tí kì í dé lásìkò. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín, bó bá ti gba ìwé ọmọ ìlú, kó lọ forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò, ohunkóhun tí ì báà máa mu.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé Republican ló fòfin de ọtí ní Amẹ́ríkà, Democrat ló sì tú u. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ta ló jàre nínú wa? (Tíṣà, Abẹ́òkúta)

ÈSÌ: Ọmọ náà jàre, Tíṣà. Ẹ bá mi yìn ín.

Ẹni tó gbé àtúnṣe kejìdínlógún sí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó de ọtí, wá sílé aṣòfin àgbà ni Morris Sheppard, Democrat láti Texas. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin tó mú un ṣẹ ni Andrew Volstead, Republican láti Minnesota. Woodrow Wilson tó wà lórí oyè, Democrat, kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin Volstead ní 1919, àwọn aṣòfin sì fi ìbò bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1920 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó de pípọn ọtí, títà á àti gbígbé e láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹni tó bá ti rọ ti ẹ̀ sílé ṣáájú ọjọ́ yẹn lè mu ún.

Ìjà náà wà láàárín ìgboro àti oko, láàárín Kátólíìkì àti Bàbtíìsì, láàárín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ireland tàbí Jámánì dé àti ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì sì ní irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí nínú. Democrat ti New York ń mu bíà, Democrat ti Mississippi ń gbàdúrà kí ọtí pa rẹ́. Mississippi ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí àtúnṣe náà ní 1918, òun náà ló sì kẹ́yìn nínú gbogbo ìpínlẹ̀ láti tú òfin tirẹ̀, ní 1966.

Ẹgbẹ́ Anti-Saloon League tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ohio ní 1893 mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe é. Wayne Wheeler tó darí rẹ̀ kì í béèrè ẹgbẹ́ lọ́wọ́ olùdíje, kì í tilẹ̀ béèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ ń mutí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: ṣé wàá dìbò ta ko ọtí? Bí olùdíje bá kọ̀, Wheeler á kó ìbò àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì fún alátakò rẹ̀. Mo ti rí olóṣèlú púpọ̀ láyé mi, nílé àti lẹ́yìn odi, mi ò rò pé ọ̀pọ̀ wọn lè dúró níwájú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, orúkọ ọlọ́tí ti lẹ̀ mọ́ Democrat lára láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1884, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Samuel Burchard dìde níwájú James Blaine, olùdíje Republican, ní New York. Ó ní àwọn Democrat ni ẹgbẹ́ ọtí líle (rum), ti ẹ̀sìn Róòmù àti ti ọ̀tẹ̀. Blaine kò bá a wí. Àwọn Kátólíìkì ará Ireland tó kún ìlú náà gbọ́, inú bí wọn, Blaine sì fi ìbò tó lé díẹ̀ ní 1,000 pàdánù ìpínlẹ̀ New York. Ibẹ̀ ni ipò ààrẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí Grover Cleveland fi gbà á. Ní 1928, Al Smith, gómìnà New York, Democrat, Kátólíìkì, tó sọ ọ́ gbangba pé òfin ọtí kò dára, jáde du ipò ààrẹ. Texas, Virginia, Florida, Tennessee, àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tí kì í sábà dìbò fún Republican, kẹ̀yìn sí i lọ́dún yẹn, wọ́n sì dìbò fún Herbert Hoover.

Ní 1930, Sẹ́nétọ̀ Sheppard ṣì ń fọ́nnu pé kí òfin yìí tó yí padà, ẹyẹ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ á ti so òpó òkúta ìrántí George Washington mọ́ ìrù, á sì fò lọ sí Mars. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, òfin yí padà. Ebi ló tú u. Ìjọba ń wá owó orí tí ọtí ń mú wọlé tẹ́lẹ̀, àwọn tí kò níṣẹ́ ń wá iṣẹ́. Roosevelt wọlé, bíà tí kò le bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1933. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, Utah, ìlú àwọn ọmọ ìjọ Mormon tí kì í mutí, di ìpínlẹ̀ kẹrìndínlógójì tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tú u, iye ìpínlẹ̀ tí wọ́n nílò pé, òfin sì wó. Tíṣà, ẹ tún fi èyí kún ẹ̀kọ́ yín: obìnrin tó kó àwọn obìnrin jọ kí òfin náà lè wó, Pauline Sabin, Republican ni.

Maryland tèmi kò bá wọn ṣe é rárá. Òun nìkan ni ìpínlẹ̀ tí kò ṣe òfin tirẹ̀ láti ti òfin ọtí lẹ́yìn. Gómìnà Albert Ritchie ní ìjọba àpapọ̀ kò ní í wá máa pàṣẹ fún wọn lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Free State, Ìpínlẹ̀ Olómìnira, ti wá, tí wọ́n fi ń pe Maryland títí dòní. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gidigidi, torí ìpínlẹ̀ náà ló fún mi níwèé àṣẹ tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, Trophy ni èmi ń tà nílé ìtura kan. Oníbàárà kan sọ pé ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń yìnbọn lu agolo bíà nítorí òṣèlú. Kí ló fà á? (Ọ̀dọ́kùnrin kan, Iléṣà)

ÈSÌ: Òótọ́ ni, ọmọ mi. Bud Light ni bíà náà. Ní oṣù Kẹrin 2023, wọ́n fi agolo kan ránṣẹ́ sí Dylan Mulvaney, obìnrin tó ti yí láti ọkùnrin, tó ní ọmọlẹ́yìn púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé e jáde nínú fídíò. Àwọn tó ń tẹ̀lé Republican bínú. Akọrin Kid Rock gbé ìbọn, ó fọ́ àwọn agolo Bud Light yángá-yángá, ó sì fi fídíò rẹ̀ síta. Bíà tó ti ń ṣe ipò kìíní ní Amẹ́ríkà láti bí ogún ọdún, kí oṣù Karùn-ún tó parí, Modelo Especial ti gba ipò rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, àwọn kan tó ń rìn láti ìgbèríko wá nígbà tí wọ́n bá ń lọ pẹja ni mo rí i pé wọ́n yí padà. Wọ́n á dúró síwájú fíríìjì, wọ́n á wo Bud Light, wọ́n á na ọwọ́ sí Coors Light. Ilé iṣẹ́ Bud Light bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà fún ẹni tó bá rà á, síbẹ̀ páálí rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi títí ọjọ́ orí rẹ̀ fi fẹ́ pé. Àwọn aládùúgbò mi tó dúdú kò bá wọn dá sí ìjà náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí Coors fúnra rẹ̀, láti apá kejì. Idile Coors ní Golden, Colorado, Republican paraku ni wọ́n; Joseph Coors wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fowó dá Heritage Foundation, àjọ kan tó ń ti èrò àwọn Republican lẹ́yìn, sílẹ̀ ní 1973. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní kí ẹnikẹ́ni má mu ún, àwọn ará Mexico tó ń gbé Amẹ́ríkà ní kí ẹnikẹ́ni má mu ún, àwọn ilé ọtí àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn ní San Francisco dà á nù, Harvey Milk, olóṣèlú kan nínú wọn, sì wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù rẹ̀. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ńlá wáyé níbẹ̀ ní 1977, ó sì di 1987 kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó tú ìfòfindè wọn. Pete Coors jáde fún ilé aṣòfin àgbà lábẹ́ Republican ní 2004. Ken Salazar, Democrat, ló nà án.

Ta ló wá ni àwọn bíà yìí? Ilé iṣẹ́ tó ń pọn Bud Light bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Belgium ní 2008. AB InBev lorúkọ wọn báyìí, Leuven sì ni olú ilé iṣẹ́ wọn. Modelo tó gba ipò rẹ̀ yẹn, AB InBev kan náà ló ni ín níbi gbogbo yàtọ̀ sí Amẹ́ríkà. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn ní 2013. Wá wo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbẹ̀: International Breweries tó ń pọn Trophy ní Iléṣà, AB InBev ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwọ àti àwọn tó ń fi ìbọn fọ́ agolo, ọ̀gá kan náà ni owó yín ń lọ bá.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n ní "dìbò kóo sebẹ̀". Ṣé àwọn òyìnbó kì í fi ọtí ra ìbò? (Oníṣòwò kan, Adó-Èkìtì)

ÈSÌ: Wọ́n ṣe é o, ẹni tó tóbi jù nínú wọn náà ṣe é. Nígbà tí George Washington ń wá ipò aṣòfin ní Virginia ní 1758, ojú ogun ló wà, kò lè wálé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a pín ọtí fún àwọn olùdìbò: ọtí rum, wáìnì, bíà, ọtí èso ápù, gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 160. Ó wọlé. James Madison, tó wá di ààrẹ lẹ́yìn náà, kọ̀ láti pín ọtí ní 1777 nítorí ó ní kò bójú mu. Kò wọlé.

Nítorí irú èyí ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fi ṣe òfin pé kí ṣọ́ọ̀bù ọtí má ṣí lọ́jọ́ ìdìbò. Kentucky tú tirẹ̀ ní 2013, South Carolina tú tirẹ̀ ní 2014, òun ló sì kẹ́yìn. Mi ò sọ èyí láti gbè sẹ́yìn àwọn tó ń pín owó l'Ékìtì. Ìwà kan náà ni, ìyà kan náà ló sì ń fi jẹ ará ìlú. Madison ni mo bọ̀wọ̀ fún nínú ìtàn yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé Trump kì í mutí? Nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, ta ló ń mutí jù báyìí? (Nọ́ọ̀sì kan, Peckham, London)

ÈSÌ: Òótọ́ ni. Ọtí ló ba ayé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́, Fred, tó kú ní 1981. Biden náà kì í mu ún, nítorí ohun tó rí nínú ẹbí tirẹ̀. Nítorí náà ní 2020, ẹni méjèèjì tó ń du ipò ààrẹ kò fẹnu kan ọtí. George W. Bush fi í sílẹ̀ ní 1986 nígbà tó pé ogójì ọdún, síbẹ̀ àwọn oníròyìn ṣì ń sọ pé òun ni ará ìlú máa fẹ́ bá jókòó mu bíà. Nígbà tí Obama pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Gates, aláwọ̀ dúdú tó ń kọ́ni ní yunifásítì Harvard, àti ọlọ́pàá tó mú un wá sí White House ní 2009, tí bíà wà níwájú wọn, Buckler tí kò ní ọtí nínú ni ti Biden.

Ní ti èwo ló ń mu jù: Gallup, ilé iṣẹ́ tó ń wádìí èrò ará ìlú, ti ń bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè láti 1939. Ní 2025, ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ń mutí, kò sì tíì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nínú àwọn Democrat, ó jẹ́ 61. Nínú àwọn Republican, ó já wá sí 46. Inú mi dùn sí bó ṣe ń lọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọtí ni mo tà. Mo ti sin oníbàárà mi tí ẹ̀dọ̀ pa.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, Atlanta ni mò ń gbé. Àbúrò mi fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ ní Lynchburg, Tennessee, lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n ní Republican ni gbogbo àdúgbò rẹ̀, wọ́n sì ní wọn kì í ta ọtí níbẹ̀. Báwo ni kí n ṣe é? (Ìyá Ìbejì, Georgia)

ÈSÌ: Ẹ kú oríire, Ọlọ́run á wo ọmọ náà. Moore County ni Lynchburg wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn Jack Daniel's, òfin ìjọba ìbílẹ̀ náà kò sì fàyè gba ṣọ́ọ̀bù ọtí líle láti ìgbà tí Tennessee ti de ọtí, kó tilẹ̀ tó kan gbogbo Amẹ́ríkà. Ilé ìpọntí náà nìyẹn, ó ń rí ìgò tirẹ̀ tà fún àlejò. Lóòótọ́ ni pé Republican ni ọ̀pọ̀ wọn ń dìbò fún, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ onígbàgbọ́ tí kì í mutí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìpọntí náà sì wà lára wọn. Bí wọ́n bá sọ fún yín níbẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú ló kọ́ Jack Daniel níṣẹ́ ọtí, ẹ gbà wọ́n gbọ́. Nearest Green lorúkọ rẹ̀, ẹrú ni nígbà náà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ra ọtí yín ní Tennessee, nínú ìjọba ìbílẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹ má gbé e gba ẹnu ibodè Georgia kọjá, torí òfin Tennessee le lórí èyí. Láti 2018 ni ṣọ́ọ̀bù ọtí wọn ti ń ṣí lọ́jọ́ Sunday, ṣùgbọ́n ẹ rà á ní Saturday kí ọkàn yín balẹ̀. Inú búùtù ni kí ẹ kó o sí, kí ìgò kankan má ṣí. Ẹ se sóbò tó pọ̀, kí ẹ fi yìnyín sí i, ẹ gbé e síwájú tábìlì kí àwọn aládùúgbò tí kì í mutí rí nǹkan mú láìbéèrè. Guinness Nàìjíríà, ti ìdá 7.5 yẹn, kì í sábà sí ní irú àwọn ìlú kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ wá a ní Nashville, kí ẹ sì pe ṣọ́ọ̀bù náà kí ẹ tó gbéra.